Níbo ni ká kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ tu káyáàkì lórí òkun: Anglesey àbí Arisaig?

Akọ̀wé Àjẹ̀:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹgbẹ́ atukáyáàkì (ọkọ̀ tóóró tí à ń fi àjẹ̀ tù) yunifásítì wa ní Birmingham fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta létí òkun ní ìparí oṣù kẹta, èmi ni wọ́n sì ní kí n yan ibi tí a ó lọ. Ènìyàn 14 ni wá. Àwọn 2 ní ìwé-ẹ̀rí Sea Kayak Leader (olùdarí káyáàkì lórí òkun), àwọn 4 ti tu òkun rí, àwọn 8 tó kù kò tíì kúrò lórí adágún àti odò. Apá kan ń pariwo Arisaig ní Scotland nítorí fọ́tò iyanrìn funfun tí wọ́n rí. Apá kejì ní Anglesey ní Wales ló yá. Ẹnì kan ṣoṣo ń sọ Poole ní gúúsù England, kò sì fẹ́ dákẹ́. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ kò tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ibo? Ẹ má kàn sọ fún mi pé "ojú ọjọ́ ni yóò sọ" o. Ìyẹn ti sú mi.

* * *

Ọmọ Ọ̀sà:

Ojú ọjọ́ náà ni yóò sọ, àbúrò, má bínú. Tìrẹ ni kí o yan ibi tí yóò ti rí ọ̀rọ̀ sọ tó ju "ẹ padà sílé" lọ.

Etíkun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yàn. Wọ́n á wo àwòrán, wọ́n á sanwó ibùsùn, wọ́n á débẹ̀ bá afẹ́fẹ́ tó dojú kọ etíkun náà gan-an, ọjọ́ mẹ́ta á sì parí sí ilé oní-tíì. Ibùdó ni kí ẹ yàn, èyí tí ọkọ̀ ti lè gbé yín dé etíkun mẹ́ta tó kọjú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín wákàtí kan.

Ìdí tí mo fi ń pe Anglesey nìyẹn. Erékùṣù ni, ọ̀nà ọkọ̀ sì yí i ká. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá, bó ṣe máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà ní Britain, ẹ bọ́ sí ìlà-oòrùn, sí Moelfre tàbí Traeth Bychan. Bó bá ti àríwá tàbí ìlà-oòrùn wá, Trearddur Bay àti Porth Dafarch ń dúró dè yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú, omi Menai tó pín erékùṣù náà níyà sí ilẹ̀ Wales ṣì wà, bèbè lọ́tùn-ún, bèbè lósì. Láti Trearddur dé Moelfre, ká sọ pé ìṣẹ́jú 40 nínú mọ́tò.

Láti Porth Dafarch lọ sí Trearddur ni kí àwọn 8 yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Kò tó máìlì òkun 2, ibi kéékèèké tí a ti lè gúnlẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà, Porth y Post jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹ bá ti jáde, òsì ni kí ẹ yà. Lọ́tùn-ún, Penrhyn Mawr ni, omi ibẹ̀ ń hó bí ìkòkò ọ̀gì, lẹ́yìn rẹ̀ ni South Stack àti North Stack. Àwọn tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára ló ń lọ ṣeré níbẹ̀.

* * *

Bọ̀dá Oban:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹ tún ohun tó sọ kà: yà sósì, ó dára, yà sọ́tùn-ún, omi ń hó. Ṣé ibi tí ẹ ó kó ẹni 8 tí kò mọ òkun lọ nìyẹn?

Ní Arisaig, erékùṣù wẹ́wẹ́ àti àpáta tò síwájú èbúté bí ọgbà, wọ́n sì ń gba ìgbì lù kí ó tó dé inú. Ìṣàn omi àárín wọn kò le. Ẹni tó bá rẹ̀ yóò rí iyanrìn gúnlẹ̀ sí kó tó ka ọgọ́rùn-ún àjẹ̀. Séèlì wà lórí àpáta, erékùṣù Eigg àti Rum wà níwájú. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń da ènìyàn láàmú ni pé bí omi bá fà, ọ̀nà kan láàárín àpáta á gbẹ, erékùṣù méjì á di ọ̀kan, máàpù ọwọ́ yín kò sì ní jọ ohun tí ẹ ń rí. Ẹ fi kọ́ńpáàsì rìn, ẹ má fi ojú nìkan rìn.

Ti owó ńkọ́? Òfin ilẹ̀ Scotland ti ọdún 2003 gbà yín láyè láti gbé ọkọ̀ sómi àti láti pàgọ́ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láìsanwó, bí ẹ kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Corryvreckan, ibi tí omi òkun ti ń yí bírí, dẹ́rù bà yín, àárín erékùṣù Jura àti Scarba ló wà, ó jìnnà sí Arisaig lápá gúúsù.

* * *

Ìyá Ọlọ́kọ̀:

Ẹ ti ń tu ọkọ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ta ni yóò wa bọ́ọ̀sì?

Birmingham sí Trearddur, wákàtí 3 àbọ̀ sí 4. Birmingham sí Arisaig, ó ju máìlì 400 lọ. Bí ẹ bá kó ọkọ̀ sẹ́yìn tí ẹ sì ń dúró tọ̀, ẹ ṣírò wákàtí 10. Nínú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi kan lọ, ẹ fi kan bọ̀, ọjọ́ kan ló kù fún òkun. Àwakọ̀ tó bá sì fi wákàtí 10 jókòó kì í ṣe ẹni tí à ń gbé lé omi láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Òfin ìwakọ̀ wá ńkọ́, tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀? Ẹni tó yege ìdánwò mọ́tò lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997 kò ní àṣẹ D1, èyí tí a fi ń wa bọ́ọ̀sì èrò 9 sí 16, àfi bó bá ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin dá ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè: kí awakọ̀ ti pé ọdún 21, kí ó ti ní ìwé ìwakọ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán, kí ó má gba owó, kí bọ́ọ̀sì má ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí kò gbọdọ̀ fa tírélà. (Tírélà tí mò ń sọ kì í ṣe ti Apapa o, èyí tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni.) Ìrọ̀rùn tí ìjọba ṣe ní oṣù kejìlá 2021 fún àwọn tó ń fi mọ́tò kékeré fa tírélà kò dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn. Ibí ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń rú òfin láìmọ̀, ìbánigbófò sì lè kọ̀ láti sanwó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ìwé ìwakọ̀ ilé ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 péré láti ìgbà tí ẹ ti di olùgbé. Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá pààrọ̀ ìwé, ẹ ó ṣe ìdánwò ti ibí ni.

Nítorí náà, bọ́ọ̀sì kó ènìyàn, mọ́tò kékeré kan fa ọkọ̀. Káyáàkì òkun gùn ní mítà 5 sí 5 àbọ̀, oníke wúwo tó kílò 25 sí 30. Mẹ́rìnlá rẹ̀ ti ń lọ sí kílò 400 láìtíì ka tírélà fúnra rẹ̀ àti ẹrù. Ẹ wo ìwé mọ́tò náà bóyá ó lè fà á.

* * *

Akọ̀wé Àjẹ̀:

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ka orí àwa 14: ẹnì kan péré ló pé 21 tó sì ti ní ìwé fún ọdún 2. Ó jọ pé Arisaig ti já nìyẹn, Bọ̀dá Oban, ẹ má bínú.

Ìbéèrè mìíràn: bí afẹ́fẹ́ bá ti ìwọ̀-oòrùn wá, ṣé ká kàn gbà pé apá Moelfre kò léwu nígbà náà?

* * *

Àpáta Dúdú:

Rárá o! Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọ̀sà dùn, àmọ́ ibi tó fi sílẹ̀ ló ń pa ènìyàn.

Dúró sórí iyanrìn Traeth Bychan lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń ti ìwọ̀-oòrùn wá. Omi á parọ́rọ́ bí epo inú àwo. Irọ́ ló ń pa. Ilẹ̀ ló dí afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ. Bí o bá ti jáde díẹ̀ sí i, tàbí tí o kọjá imú ilẹ̀ tó kàn, afẹ́fẹ́ náà á bà ọ́ lẹ́yìn, òkun gbangba á sì wà níwájú. Ìgbì kò ní ga lójú ẹ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ lo ń rí. Ìgbà tí o bá yíjú padà sílé lo máa mọ̀ pé àjẹ̀ kò ràn ọ́ mọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá sílẹ̀ máa ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹni tó dojú dé padà sí etíkun. Èyí tó ń fẹ́ kúrò nílẹ̀ kì í dẹ́rù bani, ibi tó ń gbéni lọ ló burú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lyme Bay, ní gúúsù England, nìyẹn, ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1993. Akẹ́kọ̀ọ́ 8, olùkọ́ wọn kan àti olùdarí 2 gbéra láti Lyme Regis lọ sí Charmouth, ìrìn tí kò jìn. Olùkọ́ ń dojú dé léraléra, olùdarí kan dúró tì í, afẹ́fẹ́ sì gbé àwọn tó kù lọ sórí òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ 4 kú. Òun ló bí òfin ọdún 1995 tó ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọmọ tí kò tíì pé 18 jáde gba ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ tó ń kó ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ jáde kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo oṣù tó ṣẹlẹ̀, ẹ sì wo oṣù tí ẹ̀yin fẹ́ lọ. Omi òkun ibẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta kì í jìnnà sí ìwọ̀n 8 lórí Celsius. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, èémí kò ní ṣeé mú. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ìka kò ní lè di nǹkan mú mọ́.

Ààlà tí a fi ń wọn iṣẹ́ Sea Kayak Leader ni: afẹ́fẹ́ kò ju Force 4 (lórí òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ Beaufort), ìṣàn omi kò ju nọ́ọ̀tì 2 (máìlì òkun 2 ní wákàtí kan), ibi ìgúnlẹ̀ wà ní gbogbo máìlì òkun 1 sí 2, kò sí ibi tí omi ń hó. Fún ibi tó fara pamọ́, Force 3. Bó bá jẹ́ èyí tó ń fẹ́ kúrò nílẹ̀, Force 2. Nọ́ńbà kékeré yẹn ni kí ẹ lò níbi tí ẹ̀gbọ́n wa ń pè ní apá ìlà-oòrùn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má kọjá imú ilẹ̀ kankan: ẹ dúró sínú kọ̀rọ̀ etíkun, ẹ kọ́ ìdojúdé àti ìgbàlà, kí olùdarí kan wà lápá òkun gbogbo ènìyàn, kì í ṣe níwájú wọn.

* * *

Ọmọ Ọ̀sà:

O gbá mi mú, mo gbà. Mo fi èyí kún un: ènìyàn 12 lábẹ́ olùdarí 2, 6 sí ẹnì kan, kì í ṣe ibi tó dára láti dúró sí nínú omi ìwọ̀n 8. Ẹ mú 4 sí ẹnì kan. Ẹni 8 lórí omi, ẹni 4 lórí ọ̀nà ẹsẹ̀ etíkun tó yí Anglesey ká, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, aṣọ gbígbẹ àti fóònù. Wọ́n á pààrọ̀ lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń kún tó ń fà wá kàn wá. Ọmọ Èkó ló pọ̀ níbí, ní Èkó omi kì í ju nǹkan bíi mítà 1 lọ láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà. Ní Holyhead, èbúté Anglesey, nígbà omi ńlá (àwọn ọjọ́ tí kíkún àti fífà omi pọ̀ jù), nǹkan bíi mítà 5 ni. Nígbà omi kékeré (àwọn ọjọ́ tó kéré jù), mítà 2 àbọ̀. Wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà kan náà ni omi ní láti fi rin ìrìn méjèèjì, nítorí náà ìṣàn ọjọ́ omi ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti omi kékeré.

Ẹ ṣe ìṣírò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọwọ́ ń tu nọ́ọ̀tì 2 àbọ̀. Máìlì òkun 3 á gbà á ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 12. Bí ìṣàn nọ́ọ̀tì 2 bá dojú kọ ọ́, ìdajì nọ́ọ̀tì ló kù fún un: wákàtí 6. Láàárín wákàtí 6 omi fúnra rẹ̀ á ti yí padà.

Nítorí náà, òṣùpá ni kí ẹ fi mú ọjọ́. Omi ńlá máa ń dé ní nǹkan bí ọjọ́ 2 lẹ́yìn tí òṣùpá bá lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú. Omi kékeré dé lẹ́yìn tí ẹ bá rí i tó pín sí méjì. Òpin ọ̀sẹ̀ tó bá bọ́ sí omi kékeré ni tiyín. Àǹfààní kan tún wà nínú rẹ̀: lọ́wọ́ ibẹ̀, omi ńlá máa ń kún lọ́sàn-án, ó sì máa ń fà tán ní nǹkan bí agogo 6 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí Red Wharf Bay, lápá Moelfre, nírú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò gbé káyáàkì kọjá iyanrìn tútù tó ju kìlómítà kan lọ, bí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ.

Tí ẹ bá ní ẹ máa lo Menai, ẹ fà sí apá Beaumaris. Àárín afárá méjèèjì tí wọ́n ń pè ní Swellies, omi ibẹ̀ lè sáré dé nọ́ọ̀tì 8, àpáta sì wà láàárín. Nǹkan bí wákàtí 2 ṣáájú kí omi Liverpool (èbúté tí wọ́n fi ń ṣírò omi ibẹ̀) tó kún ló máa ń dúró díẹ̀.

* * *

Àpáta Dúdú:

Aago! Ọ̀pọ̀ tábìlì omi ni wọ́n fi GMT tẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta ni aago Britain ń lọ síwájú ní wákàtí kan, ìyẹn inú ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ọmọ yìí mú. Bí wọ́n bá gbàgbé, wákàtí kan gbáko ni wọ́n á fi ṣìnà níbi tí omi kì í dúró tó ìṣẹ́jú 20. Ẹ kọ "GMT" tàbí "BST" (aago tó ti lọ síwájú yẹn) sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

* * *

Ẹni Poole:

Èmi ni mo ń bá wọn jà nínú ẹgbẹ́ yẹn o. Poole kò ní àpáta, kò ní omi tó ń hó, wákàtí 3 ni láti Birmingham, ẹ sì lè yí Brownsea, erékùṣù inú rẹ̀, ká lọ́sàn-án kan.

* * *

Ọmọ Ọ̀sà:

Poole dára fún ọjọ́ kìíní ẹni tí kò tíì rí òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ inú rẹ̀ kò jìn tó orúnkún. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Sandbanks tóóró, omi ń tú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú agbára, ọkọ̀ tó ń fi ṣéènì kọjá ń lọ ń bọ̀ níbẹ̀. Ọ̀sà ni, òkun wà níta. Ẹni 4 tó ti tu òkun rí á sunkún ọjọ́ mẹ́ta.

* * *

Bọ̀dá Oban:

Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń wá ọ̀sà, kí wọ́n kúkú wọ bàálù lọ sí Èkó. Àwọn Ìlàjẹ ń fi ọkọ̀ onípákó ṣe ohun tí kò sí nínú ìwé Paddle UK, àjọ àwọn atukọ̀ alájẹ̀ ní Britain, kankan. Òkun Èkó kò ní ìṣàn tó ga bí ti Wales, ìgbì tó ń fọ́ sórí iyanrìn dídà ló le níbẹ̀, kò sí àpáta tó dí i mọ́ àfi níbi bíi Tarkwa Bay tí ògiri òkúta èbúté bo.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀. Mi ò tíì jọ̀wọ́ Arisaig. Ẹ gbé e sí oṣù kẹfà lẹ́yìn ìdánwò, ọjọ́ márùn-ún, ilẹ̀ kì í tètè ṣú, omi ti móoru díẹ̀. Kòkòrò kékeré wọn tí wọ́n ń pè ní midge á jẹ yín, ẹ ra nẹ́ẹ̀tì orí.

* * *

Ìyá Ọlọ́kọ̀:

Kí ẹ tó pín ibi, ẹ wo ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ ní. Káyáàkì odò kò ní ògiri àárín tó ń dí omi mọ́ bíi ti òkun. Bó bá dojú dé, omi á kún un láti imú dé ìdí, ẹni méjì kò ní lè gbé e dà. Ẹgbẹ́ tó bá ní káyáàkì òkun 6 péré, ẹ yá èyí tó kù lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá a ní Anglesey, tírélà tí mọ́tò kékeré yẹn ń fà á sì fúyẹ́. Ibùsùn, ẹ má pàgọ́ ní oṣù kẹta. Ilé tó ní yàrá ìgbaṣọ gbẹ ni kí ẹ wá. Wẹ́ẹ̀tìsúùtù tútù láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé ju ìgbì lọ.

Olùdarí kọ̀ọ̀kan: rédíò VHF lára jákẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe nínú ihò ẹrù, okùn ìfàkọ̀ tó ń léfòó, mítà 10 ó kéré tán, àjẹ̀ àfikún, àgọ́ aláṣọ tí ènìyàn 6 lè sá sábẹ́ rẹ̀. Ìkànnì 16 lórí rédíò, 999 lórí fóònù, ẹ ní Coastguard (àwọn tó ń ṣètò ìgbàlà lórí òkun) lẹ fẹ́.

* * *

Akọ̀wé Àjẹ̀:

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Trearddur ni ibùdó. A ti sún ọjọ́ síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó lè bọ́ sí omi kékeré, ó sì ti kọjá ọjọ́ ìyípadà aago. Ọjọ́ kìíní, ìdojúdé àti ìgbàlà nínú Trearddur Bay, kò sẹ́ni tó kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ kejì, Porth Dafarch sí Trearddur bí afẹ́fẹ́ bá gbà. Bí kò bá gbà, Beaumaris. Ọjọ́ kẹta kò ní orúkọ, òwúrọ̀ ni a ó sọ ọ́. Ọkọ̀ 6 tiwa, 4 yíyá. Arisaig, oṣù kẹfà.

Ohun kan ló kù: méjì nínú káyáàkì wa, skeg wọn (ìyẹ́ kékeré tó ń jáde lábẹ́ ìdí ọkọ̀ kí ó lè rìn tààrà) kì í jáde mọ́ lórí omi.

* * *

Àpáta Dúdú:

Òkúta wẹ́wẹ́ etíkun ló há sínú àpótí skeg. Bí ẹ ṣe ń wọ́ ọkọ̀ lórí ilẹ̀ kí ẹ tó jókòó ló ń kó sí i. Ẹ má fi ọwọ́ tì í pẹ̀lú agbára láti òkè, wáyà rẹ̀ á ká. Ẹ lu ihò kékeré sí igun ìsàlẹ̀ skeg náà, ẹ so okùn kúkúrú tí kò gùn ju ìka kan lọ mọ́ ọn. Bó bá há, ẹnì kejì á sún mọ́ ìdí ọkọ̀ lórí omi, á fa okùn náà wálẹ̀, òkúta á já bọ́. Láti ìsinsìnyí, ẹni méjì ni kí ó máa gbé ọkọ̀ sómi, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ má wọ́ ọ.